Bí Ọmọ́yẹlé Olómi Ṣe Rí Ìsinmi

Kò sí ẹni tó ń gbé ní Òbè-Olówòkéré tí kò mu omi tí Ọmọ́yẹlé gbé wá rí. Ọmọ tí wọ́n bí lánàá, omi rẹ̀ ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́. Òkú tí wọ́n sin níjẹta, omi rẹ̀ ni wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ kó tó wọ pósí. Òkun wà níwájú ìlú náà, ọ̀sà wà lẹ́yìn rẹ̀, omi ń ṣàn lábẹ́ ilé wọn tọ̀sán tòru, síbẹ̀ èyí tí ènìyàn lè bù mu kò sí níbẹ̀. Àwọn àgbà ibẹ̀ a máa sọ pé àwọn ń gbé inú omi bí ẹja, òùngbẹ sì ń gbẹ àwọn bí ẹni tó ń gbé aṣálẹ̀.

Ọmọ Zion Pepe, ìlú apẹja mìíràn létí òkun, ni Ọmọ́yẹlé. Bàbá rẹ̀ ń dẹ àwọ̀n, ìyá rẹ̀ ń yan edé. Ó ti mọ àjẹ̀ lò kó tó mọ ọ̀nà ilé ìwé, nítorí náà nígbà tí Kọ́lájọ, apẹja kan láti Òbè, wá fẹ́ ẹ, kò sí ohun tó ṣe àjèjì sí i nílé ọkọ àfi ẹnu àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ. Nígbà náà, kànga kékeré kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n gbẹ́ sínú yanrìn. Omi rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé mu. Àmọ́ òkun ń jẹ etí ìlú bí ọmọdé ṣe ń jẹ àkàrà, díẹ̀díẹ̀, láti etí wá sí àárín. Ó jẹ ilé ìyanja, ó jẹ igi àgbọn, ó jẹ ojú oórì. Nígbà tó yá, ó jẹ kànga àti ṣọ́ọ̀ṣì pọ̀. Àwọn ará ìlú sún sẹ́yìn, wọ́n tún ilé kọ́ sórí òpó igi lójú ẹrẹ̀ ọ̀sà, wọ́n to pákó láti ojúlé dé ojúlé kí wọ́n lè máa rí ọ̀nà rìn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá tún gbẹ́, omi iyọ̀ ló ń sun.

Àìsàn àyà ló pa Kọ́lájọ. Àrìnpé, àbíkẹ́yìn wọn, kò tíì rìn lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Ohun tó fi sílẹ̀ kò ju ọkọ̀ onípákó kan lọ, àti ẹ́ńjìnnì tó máa ń wúkọ́ bí ẹni tó ni ín. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n tà á. Ọmọ́yẹlé ní rárá. Wọ́n ní obìnrin wo ló ń dá wa ẹ́ńjìnnì lọ sí Igbókòdá? Ó ní wọn yóò rí i.

Wọ́n sì rí i. Ó ń kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo sínú ọkọ̀ láfẹ̀mọ́júmọ́, ó ń lọ pọn omi ẹ̀rọ ní Igbókòdá, ó sì ń padà dé pẹ̀lú ọkọ̀ tó rì wọmi dé etí. Bí ìjì bá jà, ó ń là á kọjá. Bí koríko ojú omi bá wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀ sínú omi, á fi ọ̀bẹ gé e kúrò. Ní ìgbà òjò, àwọn ènìyàn a máa gbe omi lábẹ́ páànù, iṣẹ́ rẹ̀ a dín kù. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá ti fẹ́, títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi parí, ojú gbogbo ìlú á wà lọ́nà ọ̀sà, wọn á máa tẹ́tí sí ìkọ́ ẹ́ńjìnnì Kọ́lájọ. Iṣẹ́ yìí ló fi tọ́ àwọn ọmọ mẹ́ta. Ìyé Olómi ni gbogbo ènìyàn ń pè é, nítorí ìyé ni wọ́n ń pe ìyá nílẹ̀ Ìlàjẹ.

Àwọn ènìyàn rò pé iṣẹ́ náà ló wuwo lára rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ náà. Ọdún kan wà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní àárín ẹ̀ẹ̀rùn. Ibà náà le, kò lè gbé orí sókè. Òùngbẹ gbẹ ìlú, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu omi ọ̀sà, wọ́n ń sè é, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ sè é. Kó tó dìde lórí ibùsùn, onígbáméjì ti wọ̀lú. Ó gbé àgbàlagbà, ó gbé ọmọdé. Fàrúkù, ọmọ Mùínátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ àrùn náà bí ẹni bọ́ lẹ́nu ẹkùn. Ẹnìkan kò dá Ọmọ́yẹlé lẹ́bi. Kò sí ẹni tó tilẹ̀ rò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni kò ti lè ṣàìsàn mọ́. Bí ibà bá mú un, á gbé oògùn mì, á wé gèlè mọ́rí, á sì wọ ọkọ̀. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́, kò lè jókòó sunkún. Kò lè sùn sílé ẹlòmíràn. Lọ́kàn rẹ̀, gbogbo ìlú ló so ọ̀fun wọn mọ́ ìdákọ̀ró ọkọ̀ òun.

Bọ́rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé ìjọba àpapọ̀ ti ya owó sọ́tọ̀ fún àwọn ìlú kéékèèké etí omi, kí ìlú kọ̀ọ̀kan mú iṣẹ́ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n nílò jù lọ, kí wọ́n sì fi owó náà ṣe é. Àwọn ará Òbè gbọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Pátákó ńlá kan wà létí ọ̀sà tí wọ́n kọ ọ́ sí gàdàgbà pé ilé ìwòsàn nìyí. Agbaṣẹ́ṣe kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ló wá rì í mọ́lẹ̀ ní ọdún ìbò kan, tó yà á ní fọ́tò, tó sì wọ ọkọ̀ lọ. Ẹyẹ nìkan ló ń gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Àmọ́ èyí yàtọ̀. Obìnrin kan ló kọ́kọ́ dé láti Àkúrẹ́, Ìyáàfin Ọpẹ́fólúwa. Ó wọ ẹ̀wù agbẹ̀mílà pupa tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó di ẹ̀mí ara rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbọ̀n nígbà tí wọ́n fà á gun orí pákó. Síbẹ̀, nígbà tó jókòó sínú ilé ìwé, ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n.

Ó ní, “Owó yìí kò ní gba àpò ẹnikẹ́ni kọjá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ó yan ìgbìmọ̀. Obìnrin gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ó máa wo iṣẹ́ náà lójoojúmọ́, ìlú ni yóò sì pèsè igi, òṣìṣẹ́ àti oúnjẹ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Kí ni ẹ fẹ́?”

Sunday, olórí àwọn ọ̀dọ́, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ní gbọ̀ngàn ìlú làwọn ń fẹ́, kí ojú má máa ti ìlú nígbà tí àlejò bá dé. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n kọ́ èbúté oníkọ́ńkéré. Baálẹ̀ Olówòkéré, arọ́mọdọ́mọ ẹni tó tẹ ìlú náà dó, ní ọ̀nà pákó ti ń jẹrà, ọmọ ilé ìwé kan já sínú ẹrẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnu gbogbo wọn ń yí ká bí ọkọ̀ ṣe ń yí òkúta abẹ́ omi ká. Kò sẹ́ni tó dárúkọ omi.

Òùngbẹ ló tú àṣírí wọn. Ìyáàfin Ọpẹ́fólúwa ní kí wọ́n bu omi fún òun, wọ́n sì bu ú wá nínú ife, kò kún. Ó wo ife náà.

“Níbo lẹ ti ń rí omi mu níhìn-ín?”

Gbogbo ojú yí padà sí Ọmọ́yẹlé níbi tó jókòó sí létí fèrèsé. Kíá ni wọ́n tún mú ojú kúrò.

Baálẹ̀ wúkọ́. Ó ní, “A ní ọmọ wa kan tó ń bá wa gbé e.”

Ó jọ pé obìnrin Àkúrẹ́ náà fura. Ó ní kí wọ́n lọ rò ó dáadáa, òun yóò padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí wọ́n tó fẹnu kò.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, Mùínátù wá bá Ọmọ́yẹlé nídìí àgbàlá ìyanja rẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti wá gbé ilé ọkọ ní Òbè ni wọ́n ti ń ṣọ̀rẹ́. Ọ̀kan ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, ọ̀kan ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń tọ́ wò.

Mùínátù ní, “O rí i pé ìwọ ni wọ́n ń ṣàánú. Wọn kò fẹ́ já oúnjẹ gbà lẹ́nu opó.”

“Mo rí i.”

“Ìwọ náà kò sì sọ̀rọ̀.”

Ọmọ́yẹlé ń yí ẹja lórí ààrò. “Kí ni kí n sọ, Mùínátù? Pé kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi? Ta ló ń gba obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún síṣẹ́?”

Mùínátù mú ìjókòó, wọ́n jọ yí ẹja náà títí ó fi gbẹ.

Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Ọmọ́yẹlé ń bọ̀ láti Igbókòdá, omi kún ọkọ̀ rẹ̀ dẹ́nu. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ la ojú ọ̀sà já nígbà tí ẹ̀fúùfù sọ̀ kalẹ̀ láti ìhà òkun. Ojú omi tó tẹ́ bí ẹní tẹ́lẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Koríko wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì dákẹ́. Ọkọ̀ yí ẹ̀gbẹ́ sí ìgbì. Ìgbì àkọ́kọ́ fọ́ sí i lẹ́sẹ̀. Èkejì wọ inú ọkọ̀.

Ó mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì tó wà nítòsí rẹ̀, ó sọ ọ́ sínú ọ̀sà. Ó sọ òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀, ó ń gbé, ó ń sọ, omi tí ó fi ìdajì ọjọ́ pọn ń bá ìgbì lọ. Kò sí kẹ́ẹ̀gì tó rì. Àwọn kẹ́ẹ̀gì náà ń fò sókè sódò lójú omi, wọ́n ń jìnnà sí i, bí ìgbà tí àwọn àgùntàn bá rí ọ̀nà sá lọ. Nígbà tí ọkọ̀ fúyẹ́, ó fi igbá gbọ́n omi inú rẹ̀, ó mú àjẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á lọ sílé. Ibẹ̀ ni ohun kan ti yà á lẹ́nu nípa ara rẹ̀. Ẹ̀rù ti bà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn bọ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tó gba ọkàn rẹ̀ jọ ayọ̀.

Àwọn ènìyàn ti wà létí omi tí wọ́n ń dúró dè é. Wọ́n rí ọkọ̀ òfìfo, wọ́n rí aṣọ rẹ̀ tó tutù rin.

“Ẹ kú ewu, Ìyé! Ẹ kú ewu!”

Kò sẹ́ni tó béèrè omi. Wọ́n fà á gòkè, wọ́n da aṣọ bò ó, lẹ́yìn náà oníkálukú gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo rẹ̀, wọ́n ń lọ sílé. Ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Jọọlá ló kẹ́yìn wọn. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bẹ̀rẹ̀ létí pákó, ó sì ti kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ bọ inú ọ̀sà. Ọmọ́yẹlé ń gbọ́ bí kẹ́ẹ̀gì náà ṣe ń mu omi, gọ́lọ́-gọ́lọ́, títí ó fi kún.

Ọmọ́yẹlé dúró wò ó. Kó tó bọ́ aṣọ tútù lára, ó ti wà lẹ́nu ọ̀nà Mùínátù.

“Èmi ni mo máa dárúkọ omi ní ìpàdé,” ló kàn sọ.

Nígbà tí Ìyáàfin Ọpẹ́fólúwa padà wá, Sunday kò tíì parí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn rẹ̀ tí Ọmọ́yẹlé fi dìde. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

Ó ní, “Baálẹ̀, ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Mo mọ̀ pé ojú mi lẹ̀ ń wò. Gbogbo yín mọ̀ pé omi ló kàn, ẹ kò fẹ́ sọ ọ́ nítorí mi. Ṣùgbọ́n ẹ wò mí dáadáa. Ó ti rẹ̀ mí. Bí ọ̀sà bá gbé mi lọ lónìí, kí ni ẹ máa mu lọ́la?”

Sunday yí sí i. Ọmọ tó gbọ́njú mu omi rẹ̀ ni. Ó ní, “Ìyé, ẹ má bínú o. Bí omi bá dé, kí lẹ ó máa jẹ?”

“Ọkọ̀ mi kò ní ti ìyẹn fọ́, Sunday. Ohun tó gbé omi lè gbé ènìyàn. Èmi gan-an fẹ́ gbé ènìyàn. Ènìyàn á máa sọ̀rọ̀, á máa rẹ́rìn-ín. Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, kẹ́ẹ̀gì kan kò kí mi rí.”

Ẹ̀rín bú gbàù. Baálẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ṣí fìlà nù ojú, àwọn tó sì jókòó tì í mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan ló ń nù. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ omi nawọ́, ọwọ́ kún inú ilé ìwé náà. Sunday ni ẹnì kejì tó nawọ́, ó ní gbọ̀ngàn lè dúró, òun ṣì kéré. Wọ́n yan ìgbìmọ̀, wọ́n fi Ọmọ́yẹlé àti Mùínátù sí i.

Lẹ́yìn náà ni dídúró bẹ̀rẹ̀. Òjò dé, òjò lọ. Àwọn aláwàdà Òbè ní owó ti kúrò ní Àbújá lóòótọ́, pé Lọ́kọ́ja ló ti kó sómi. Bí Ọmọ́yẹlé bá ń kó kẹ́ẹ̀gì sọ́kọ̀ láàárọ̀, wọn á ní, “Ìyé, ẹ tún ń lọ?” Òun náà á ní, “Mò ń lọ pàdé rẹ̀ lọ́nà ni.” Lẹ́nu ló ti ń ṣàwàdà. Nínú ọkàn, ó ń bẹ̀rù pé pátákó kejì lòun fi ọwọ́ ara òun pè wá.

Ọjọ́ kan ṣáá, ọkọ̀ pẹrẹsẹ ńlá kan yọ láti ìhà Ugbónlà, irin àti páìpù kún orí rẹ̀. Àwọn ọmọdé sáré lórí pákó débi pé àwọn àgbà ń pariwo pé kí wọ́n má já a. Àwọn ọkùnrin ìlú ri òpó sínú ẹrẹ̀ fún ibi tí ẹ̀rọ yóò dúró sí, àwọn obìnrin ń se pupurú àti ọbẹ̀ ẹja fún àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ gbì, gbì, àwọn ilé orí òpó ń mì, kò sì sẹ́ni tó ráhùn. Nígbà tí omi tú jáde, ariwo ta. Ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ náà tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀.

“Iyọ̀,” ló wí.

Ó ṣàlàyé fún wọn pé amọ̀ tó nípọn kan wà nísàlẹ̀, pé ó dá òun lójú pé omi dídùn wà lábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù táwọn gbé wá kò dé ibẹ̀. Àfi kí àwọn tún béèrè owó kún un. Wọ́n wo ara wọn. Gbogbo wọn ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e le fún Ọmọ́yẹlé ju ọdún tó ti kọjá lọ. Ẹrù tí ènìyàn ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́kàn, bí wọ́n bá tún gbé e rù ú, á wúwo ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ń pọn omi, ojú rẹ̀ kò túká. Ẹ̀ẹ̀kan, ó dúró sí àárín ọ̀sà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì jókòó, kò lè sọ ìdí rẹ̀. Ìyáàfin Ọpẹ́fólúwa ń pè é lórí fóònù. “Ìyá, ẹ má rẹ̀wẹ̀sì. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà àwọn tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Wọn kò tíì rí ẹni tó ń dani láàmú bíi tèmi.” Ọmọ́yẹlé á ní Ọlọ́run á ràn án lọ́wọ́, á sì pa fóònù, kò mọ̀ bóyá òun gbà á gbọ́.

Àmọ́ òótọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Ọkọ̀ pẹrẹsẹ padà wá. Páìpù inú rẹ̀ gùn, ó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n lu ilẹ̀, wọ́n lu ilẹ̀, wọ́n la amọ̀ náà já ní ọ̀sán kan tí oòrùn mú hanhan. Omi tú jáde, ó pọ́n bí epo. Ó tún funfun bí omi ògì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́, ó ń mọ́ sí i, títí tí wọ́n fi ń rí àtẹ́lẹwọ́ ẹnjiníà nínú rẹ̀. Gbogbo ìlú dúró, kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ búburú.

Baálẹ̀ ní, “Ẹ jẹ́ kí Ọmọ́yẹlé tọ́ ọ wò. Òun ló mọ̀ ọ́n gbé ju gbogbo wa lọ.”

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbè é. Ó mu ún. Ó tún gbè é, ó tún mu ún, lọ́tẹ̀ yìí ó pẹ́ kó tó gbé e mì.

“Ìyé, ẹ sọ̀rọ̀ nítorí Ọlọ́run!” Sunday ló ń pariwo.

“Kò sí iyọ̀,” ni Ọmọ́yẹlé wí. “Kò sí iyọ̀ níbẹ̀ rárá.”

Igbe tó ta lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó wà lójú òkun gbọ́ ọ. Àwọn ènìyàn fò sínú omi náà taṣọtaṣọ. Ọmọ́yẹlé kò fò. Ó jókòó sórí pákó bó ṣe rí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú bí ọmọdé, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Mùínátù wá jókòó tì í. “Àlùhámúdùlíláì,” ló ń wí, “Àlùhámúdùlíláì,” títí tí Ọmọ́yẹlé náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí i.

Wọ́n gbé omi náà lọ fún àyẹ̀wò ní Àkúrẹ́, èsì sì dé pé ó dára. Wọ́n gbé táǹkì sórí irin, wọ́n to sólà lé e, wọ́n fa ẹnu ẹ̀rọ sí ibi mẹ́ta lórí ọ̀nà pákó. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn, Ọmọ́yẹlé jí bó ṣe máa ń jí. Ó wé gèlè, ó dé ìdí ọkọ̀, ó tú okùn. Ibẹ̀ ló ti rántí. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀ pẹ̀lú okùn lọ́wọ́, ó ń gbọ́ àwọn obìnrin tó ń jà lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ, ta ló kọ́kọ́ dé, ta ni kò kọ́kọ́ dé. Ìjà náà dùn létí rẹ̀. Ó so okùn padà, ó lọ sùn.

Ìgbìmọ̀ fẹ́ kó wá máa ṣọ́ ẹnu ẹ̀rọ. Wọ́n rò pé ẹ̀yẹ ni. Ó ní, “Ẹ wá ẹlòmíràn. Èmi àti omi ti rí ara wa tó.” Wọ́n gbé e fún Beauty, ìyàwó Sunday, òun ló sì ń ṣe é di òní. Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan wá rọrùn tán. Afẹ́fẹ́ iyọ̀ ń bo ojú sólà, àwọn ọ̀dọ́ ní láti máa nù ún. Ọkọ̀ ẹnìkan kọlu páìpù lóṣù tó kọjá, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà. Ọ̀nà pákó ṣì ń jẹrà; òun ni wọ́n fẹ́ béèrè bí ètò náà bá tún yí dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ibà tún mú Ọmọ́yẹlé ní ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e, ó mu oògùn, ó fi aṣọ borí, ó sì ṣàìsàn rẹ̀ tẹ́rùn. Mùínátù ló ń gbé ògì wá fún un. Ó ní òun kò rí ẹni tí ibà ń ṣe tí ojú rẹ̀ dùn tó báyẹn rí.

Èrò ló ń gbé báyìí, àti ẹja yíyan àwọn obìnrin, lọ́jọ́ ọjà àti lọ́jọ́ tó bá wù ú. Ó ra ẹ̀wù agbẹ̀mílà fún àwọn èrò rẹ̀, ó ń bá wọn tàkúrọ̀sọ láti Òbè dé Igbókòdá, débi pé àwọn kan ń ráhùn pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀ ju ariwo ẹ́ńjìnnì lọ.

Lọ́dún yìí, Àrìnpé bímọ ní Òde Màhín níbi tí ọkọ rẹ̀ ń gbé. Ọmọ́yẹlé so ọkọ̀ mọ́lẹ̀, ó di ẹrù, ó lọ bá a wẹ ọmọ. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ó ṣì wà níbẹ̀. Ìsọmọlórúkọ kọjá, ìwọ́ ọmọ já, ó ṣì ń fi omi gbígbóná na ọmọ nísan, ó ń kọrin fún un. Àrìnpé, tí kò rí ìyá rẹ̀ kó pẹ́ níbì kan rí, bẹ̀rẹ̀ sí í fura.

“Ìyé, ṣé kò sí o? Ìgbà wo lẹ̀ ń padà?”

Ọmọ́yẹlé gbé ọmọ lé èjìká, ó ń fi ọwọ́ lu ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Ṣé mo dí ọ lọ́nà ni?”

“Rárá o, mo kàn béèrè ni.”

“Ó dáa,” ló wí, “gbé omi kaná. Ẹbà ni mo fẹ́ jẹ.”